Ìbàdí tó bàjẹ́ nígbà tí ọjọ́ orí ṣì kéré: ìfiwéra àwọn iṣẹ́ abẹ tó wà nílẹ̀

Bí ìbàdí ẹni ọdún 75 bá bàjẹ́, ìpinnu lórí rẹ̀ kì í le púpọ̀. Wọ́n á pààrọ̀ oríkèé náà, ìrora á lọ, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kí oríkèé àtọwọ́dá yẹn bá a kalẹ́. Àmọ́ bí ẹni ọdún 32 bá jókòó síwájú dókítà eegun pẹ̀lú irú ìbàdí kan náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni yìí ṣì ní ogójì ọdún, bóyá àádọ́ta pàápàá, tó máa fi rìn, tó máa fi ṣiṣẹ́, tó máa fi pọn ọmọ. Kò sí oríkèé àtọwọ́dá tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa lò tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń béèrè, "Ṣé ara mi á yá?", kò fi tó. Ara sábà máa ń yá. Nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe sí egungun, díẹ̀ ló ń mú ìrora kúrò tó èyí. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé: bí wọ́n bá ní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, irú egungun wo ni ti àkọ́kọ́ yìí máa fi sílẹ̀? Òun ni màá fi wọn gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ, àti ibi tí kò dé

Lọ́dún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àkójọpọ̀ kan jáde láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kọ gbogbo oríkèé tí wọ́n bá pààrọ̀ sílẹ̀. Nínú ìbàdí 100 tí wọ́n pààrọ̀, nǹkan bí 58 ló ṣì wà lára ẹni tó ni ín lẹ́yìn ọdún 25. Ọdún méjì ṣáájú, ìwé ìròyìn kan náà ti gbé ìwádìí mìíràn jáde tó fi ọjọ́ orí pín àwọn aláìsàn. Àwọn tó ti lé ní ẹni 70 ọdún kí wọ́n tó pààrọ̀ ìbàdí tàbí orúnkún, bíi 5 nínú 100 wọn ló máa nílò àtúnṣe kí ọjọ́ wọn tó pé. Ní ti ọkùnrin tó ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní àádọ́ta ọdún, ó lè tó 35 nínú 100. Obìnrin ọjọ́ orí kan náà sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 15 ló fi dín sí tọkùnrin.

Ẹ má jẹ́ kí 35 yẹn dẹ́rù bà yín ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó máa kà ìbàdí tó ti lo ọdún 25 gbọ́dọ̀ ka èyí tí wọ́n fi sínú ara lọ́dún 25 sẹ́yìn, ike tí wọ́n sì ń lò nínú oríkèé àtọwọ́dá nígbà yẹn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lò lónìí. Màá padà sórí ìyẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí 2017 yẹn ni ìgbà tí àtúnṣe ń wáyé. Láàárín àwọn tí wọn kò tíì pé 60 ọdún nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n sì padà wá tún un ṣe, ìdajì wọn ti padà wá kó tó pé ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Ọdún mẹ́rin kéré jù fún ike láti jẹ tán. Ohun tó ń dá èèyàn padà sórí tábìlì ní kíákíá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí oríkèé yẹ̀, kí kòkòrò àrùn wọ ibẹ̀, kí irin kọ̀ láti dì mọ́ egungun, tàbí kí egungun ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, irú èyí tó yàn, àti ara ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ń pinnu ìyẹn. Torí náà, ẹni tó bá ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wá irú sẹ̀rámíìkì (ohun líle bíi tánganran tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù oríkèé) tó dára jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì bi dókítà rẹ̀ léèrè iye ìbàdí tó ń ṣe lọ́dún, ibi kékeré ló ń wò.

Àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀:

| Ọ̀nà | Ẹni tó sábà máa ń bá mu | Èrè rẹ̀ | Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni |
|---|---|---|---|
| Fífara dà á pẹ̀lú ìtọ́jú | Ẹni tí ìrora kò tíì gba iṣẹ́ àti oorun lọ́wọ́ rẹ̀ | Kò sí ọ̀bẹ, ọ̀nà yòókù ṣì ṣí | Oríkèé lè máa gan, iṣan itan lè máa gbẹ |
| Títún egungun ẹni ṣe | Ẹni tí orí egungun rẹ̀ kò tíì wó | Oríkèé àbínibí ṣì wà | Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lórí ọ̀pá, kì í sì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn |
| Fífi irin dé orí egungun | Ọkùnrin tí egungun rẹ̀ tóbi tó sì le | Egungun itan ṣẹ́ kù púpọ̀ | Irin lórí irin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ |
| Pípààrọ̀ odindi oríkèé | Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó kù | Ìrora á lọ, fún ẹni púpọ̀ jù lọ | Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú |

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó bà á jẹ́

Lára àgbàlagbà, ìbòrí dídán tó wà lórí egungun ló sábà máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Tọ̀dọ́ sábà máa ń yàtọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ gan-an ni kí ẹ̀jẹ̀ má dé orí egungun itan mọ́. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á kú, orí rẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á sì wó. Àwọn tó ní àrùn sickle cell mọ ìyà yìí dáadáa. Ó tún máa ń mú ẹni tó ti lo oògùn steroid fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó ń mu ọtí lámujù, àti ẹni tí ọrùn egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ tàbí tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ nínú ìjàǹbá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kòtò ìbàdí wọn kò jìn tó láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Àwọn mìíràn ní àrùn Perthes lọ́mọdé, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé orí egungun itan ọmọdé dáadáa, tàbí làkúrègbé tó ti ń bá oríkèé jà láti ìgbà èwe.

Ìrora rẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Kì í fi gbogbo ìgbà wà níbi tí ọwọ́ wa máa ń lọ tí wọ́n bá ní ká fọwọ́ kan ìbàdí. Iwájú ló sábà máa ń wà, níbi tí itan ti pàdé ikùn, nígbà mìíràn sì rèé, orúnkún nìkan ni yóò máa dun èèyàn. Ẹni tó bá ti ya àwòrán orúnkún títí tí wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, tó wá ń ṣàkíyèsí pé òun kò lè tẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ mọ́, pé gígé èékánná ẹsẹ̀ ti di ogun, kó ní kí wọ́n yàwòrán ìbàdí òun.

Ìdí tí mo fi dúró lórí èyí ni pé orúkọ àrùn náà ló ń sọ ọ̀nà tó ṣì ṣí sílẹ̀. Kòtò tí kò jìn ní iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Orí egungun tó ti kú ṣùgbọ́n tí kò tíì wó ní tirẹ̀. Èyí tó ti wó pátápátá, ó ti tì lára ilẹ̀kùn kan.

Ká dá egungun sí, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Fún kòtò ìbàdí tí kò jìn, iṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù ni èyí tí dókítà Reinhold Ganz bẹ̀rẹ̀ nílùú Bern, lórílẹ̀-èdè Switzerland, lọ́dún 1984. Wọ́n á gé egungun tó yí kòtò náà ká, wọ́n á yí i kó lè bo orí egungun itan dáadáa, wọ́n á sì fi ìdè irin dè é. Iṣẹ́ ńlá ni, èèyàn sì máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ọ̀pá abẹ́ abíyá. Àwọn ará Bern ń tọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún lẹ́yìn títí di òní. Lẹ́yìn 20 ọdún, 60 nínú ìbàdí 100 ṣì jẹ́ tẹni tó ni ín. Lẹ́yìn 30 ọdún, ó kù sí 29.

Ẹni tó bá wo 29 yẹn lè ní kò lérè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 tó ṣe é, tí ìbàdí rẹ̀ sì gbé e dé ẹni 45, ti fi 20 ọdún kún ọjọ́ orí tó fi máa gba oríkèé àtọwọ́dá àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é fún ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti jẹ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kàn gba ọ̀bẹ méjì dípò ẹyọ kan.

Fún orí egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, wọ́n máa ń lu ihò sínú rẹ̀ kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè dín kù kí ẹ̀jẹ̀ sì lè padà wọlé. Iṣẹ́ kékeré ni, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ fún ọjọ́ iwájú. Àmọ́ bí orí egungun bá ti wó, ihò lílu kò ní tún un yọ roboto. Àwọn onísickle cell ní láti mọ èyí pẹ̀lú: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi àwọn kan lára wọn sí ihò lílu pẹ̀lú físíótẹ́rápì, ó sì fi àwọn yòókù sí físíótẹ́rápì nìkan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín wọn. Ẹni tí dókítà bá ní kó wá gbẹ́ ihò kíákíá kó béèrè ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwòrán MRI hàn án, torí pé X-ray lásán kì í tètè rí ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí.

Fífara dà á ńkọ́? Ọ̀nà gidi ni, kì í ṣe ìwà ojo. Tí èèyàn bá ń rìn, ẹrù tó ń já lé ìbàdí kan máa ń ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Kílò kan tó bá dín kù lára, ju kílò méjì ló dín kù lórí oríkèé. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bó bá wà lọ́wọ́ tó yẹ: tí ìbàdí ọ̀tún bá ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú un, kó sì máa bá ẹsẹ̀ tó ń dùn yín balẹ̀ pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n á sì ní ọ̀pá kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìfaradà ní ààlà. Ẹni tí ìrora ń jí lóru, tí itan rẹ̀ ti gbẹ ju èkejì lọ, tí ẹ̀yìn àti orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun náà nítorí ìtiro, ti dúró pẹ́ jù. Èmi kì í bá àwọn tó ń sọ pé "Dúró kó o pé 60 kó o tó ṣe é" gbà. Kò sí ẹni tó máa ń dá ọdún tí èèyàn fi jókòó sójú kan nígbà èwe padà fún un.

Ìgbà kan wà tí wọ́n máa ń lẹ egungun itan mọ́ ti ìbàdí pọ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ agbára, kí oríkèé má lè yí mọ́ rárá. Ìrora á lọ, ẹ̀yìn àti orúnkún á wá san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ṣe é mọ́ lónìí.

Irin tí wọ́n fi dé orí egungun, àti oríkèé odindi

Bí wọ́n bá pààrọ̀ odindi oríkèé, wọ́n á gé orí egungun itan kúrò, wọ́n á ki ọ̀pá irin bọ inú egungun, bọ́ọ̀lù kékeré á wà lórí ọ̀pá náà, abọ́ á sì wà nínú kòtò ìbàdí. Nínú èkejì tí àwọn dókítà ń pè ní resurfacing, wọn kì í gé orí egungun dànù. Wọ́n á fá a, wọ́n á sì fi irin dé e bí ẹní dé fìlà. Ohun tó fa ọ̀dọ́ mọ́ ọn ni pé egungun itan ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà kejì, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì tóbi débi pé kì í sábà yẹ̀.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1997, lọ́wọ́ dókítà Derek McMinn. Lóṣù kìíní ọdún 2019, Andy Murray tó ń gbá tẹníìsì nígbà yẹn ṣe é nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 31. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó ti gba ife ẹ̀yẹ ní Antwerp, òun nìkan sì ló dá gbá a, kì í ṣe ẹni méjì-méjì. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó ní ìrora ìbàdí tí kò béèrè resurfacing.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé irin ló ń yí lórí irin. Irin náà ń jẹ, èérún kobalt àti chromium sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn kan, ẹran tó yí oríkèé ká á wú, á sì bàjẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2010, ilé iṣẹ́ DePuy kó irú tirẹ̀ tó ń jẹ́ ASR kúrò lọ́jà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi irú rẹ̀ bí 93,000 sínú ara àwọn èèyàn káàkiri ayé. Ti Birmingham ṣe dáadáa jù ú lọ, síbẹ̀ lọ́dún 2015 ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe lò ó fún obìnrin mọ́, wọ́n sì kó àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn kéré kúrò. Bọ́ọ̀lù tó kéré ló ń jẹ jù, obìnrin ló sì sábà máa ń ní bọ́ọ̀lù tó kéré.

Tí a bá fi méjèèjì wéra wọn láìṣojúsàájú: ọkùnrin tí kò tíì pé 60, tí egungun rẹ̀ tóbi, tí kíndìnrín rẹ̀ dára, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe ikú egungun ló bà á jẹ́, lè yan resurfacing lọ́wọ́ dókítà tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Kó mọ̀ pé òun á máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Obìnrin kó fò ó. Ẹni tí orí egungun rẹ̀ ti kú kó fò ó pẹ̀lú, torí pé ẹ ò lè dé irin sórí ohun tó ti rà. Èyí tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe ti ń jáde báyìí, àmọ́ ọdún tó ti lò kò tíì pọ̀ tó kí n tó lè fi wé èyíkéyìí nínú àwọn tó kù.

Ike, sẹ̀rámíìkì, irin

Nígbà tí dókítà eegun John Charnley ń wá ohun tó máa fi ṣe abọ́ ìbàdí ní Wrightington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Teflon, irú ike kan, ló kọ́kọ́ lò. Láàárín ọdún mélòó kan péré, ó ti jẹ, ó sì ní láti ṣí ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Lọ́dún 1962 ló bọ́ sórí polyethylene, ike tó le gan-an, òun sì ni bàbá ńlá ohun tí wọ́n ń lò di òní.

Ike náà ń jẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ike tán ló ń fa wàhálà. Èérún rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ni. Ara á rí i bí ọ̀tá, á gbógun tì í, nínú ìjà náà ara á máa jẹ egungun tirẹ̀ tó di irin mú. Irin á dẹ̀. Àwọn oníwádìí rí i pé níbi tí ike ti ń jẹ dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ́dún, ó ṣọ̀wọ́n kí egungun bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ọdún ló ń jẹ ike, ìṣísẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn bó ṣe yẹ lè gbé mílíọ̀nù kan ìṣísẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹni ọdún 30 tó ń sá sókè sódò á sì kọjá ìyẹn.

Ibi tí nǹkan ti yí padà ni ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán fún ike náà kó lè le sí i. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Australia, àwọn tí wọ́n fi ike tuntun yìí sí ń padà wá fún àtúnṣe ní nǹkan bí ìdajì iye àwọn tí wọ́n fi ti àtijọ́ sí. Nínú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìbàdí ọ̀dọ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún yìí, mi ò rí èyí tó tó o.

Sẹ̀rámíìkì lórí sẹ̀rámíìkì ló ń jẹ kéré jù. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Boutin, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1970. Bó ti dára tó, ó ní àléébù méjì. Ó lè máa han: ẹni náà á máa rìn, ìbàdí á máa ké kíún-kíún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, pàápàá tí abọ́ kò bá jókòó bó ṣe yẹ. Ó sì lè fọ́. Bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì ìran tuntun ṣọ̀wọ́n gan-an láti fọ́, kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Bó bá fọ́ ṣá, àfọ́kù rẹ̀ á wọ inú ẹran, dókítà kò sì gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù irin rọ́pò rẹ̀, torí pé àfọ́kù tó ṣẹ́ kù á ha irin náà jẹ.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń yàn fún ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì nínú ike tuntun ni màá mú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ire sẹ̀rámíìkì méjì, kì í han, bí ike bá sì jẹ lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n lè yọ ike nìkan kí wọ́n fi òmíràn sí i, bí abọ́ àti ọ̀pá bá ṣì dì mú. Bọ́ọ̀lù ńlá irin lórí abọ́ irin pẹ̀lú ọ̀pá nínú itan, kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́.

Sìmẹ́ǹtì, àti ibi tí ọ̀bẹ gbà wọlé

Fún ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ dókítà kì í lo sìmẹ́ǹtì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mú irin dì mọ́ egungun. Ara irin náà rí há-há kí egungun lè hù wọ̀ ọ́, egungun ọ̀dọ́ sì mọ ìyẹn ṣe. Sìmẹ́ǹtì kò burú; nínú egungun itan ó ní ìtàn rere tó gùn. Nínú kòtò ìbàdí ọ̀dọ́ ni ìtàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí dókítà lo èyí tó mọ̀ dunjú.

Ní ti ibi tí wọ́n gbà wọlé, ariwo tó wà lórí ọ̀nà iwájú ju ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n gba iwájú ṣe é fún sábà máa ń tètè ju ọ̀pá nù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, awọ itan rẹ̀ sì lè kú tipiri. Tó bá fi máa pé oṣù mélòó kan sí ọdún kan, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n gba ẹ̀yìn ṣe é fún.

Bí ẹ bá ní sickle cell

Iṣẹ́ abẹ kan náà ni, àmọ́ kì í ṣe ewu kan náà. Inú egungun itan lè ti dí, kó le koránkorán, débi pé ọ̀nà tí ọ̀pá irin máa gbà kò sí mọ́, dókítà á sì ní láti gbẹ́ ẹ pẹ̀lú sùúrù kí egungun má bàa ṣẹ́ tàbí lu jáde. Kòkòrò àrùn ń tètè wọ ibẹ̀ ju tẹlòmíì lọ. Òtútù, òùngbẹ àti àìtó afẹ́fẹ́ lórí tábìlì lè fa ìrora àrùn náà fúnra rẹ̀ tàbí kó kan àyà. Torí náà, kì í ṣe dókítà eegun nìkan ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Dókítà ẹ̀jẹ̀ yín gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kó pinnu bóyá ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n fún yín ní omi tó, kí ara yín sì móoru. Ilé ìwòsàn tí àwọn méjèèjì kò bá ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ wá òmíràn. Láàárín ilé ìwòsàn tó ní irin tó dára jù àti èyí tó ti ṣe é fún onísickle cell lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì ni màá mú láìwẹ̀yìn.

Ìgbé ayé lẹ́yìn rẹ̀

Ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n á gbé yín dìde. Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì á tẹ̀ lé e fún bí oṣù kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ fi ń padà wa ọkọ̀. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n á sábà kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣe jókòó sórí ìjókòó tó lọ sílẹ̀, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ń jókòó ṣiṣẹ́ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ẹni tó ń gbé ẹrù.

Eré ìdárayá ni ọ̀dọ́ máa ń béèrè jù. Lílúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn, ìrìn gígùn, kò sí ìjà lórí wọn. Eré sísá àti fífò ni àwọn dókítà kò fẹnu kò lé lórí. Bo Jackson, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti baseball, pààrọ̀ ìbàdí lọ́dún 1992, lẹ́ni ọdún 29, lẹ́yìn tí ìjàǹbá lórí pápá ti pa egungun rẹ̀. Nígbà tó padà lọ́dún 1993, bọ́ọ̀lù baseball tó gbá ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró sẹ́nu rẹ̀ fò jáde kúrò nínú pápá. Kò sì ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ṣeé ṣe; kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èmi á fi ìṣísẹ̀ mi ra ohun tó wúlò fún mi jù, màá sì jẹ́ kí fífò lọ.

Ìbálòpọ̀ wà lára ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹnu bà níwájú dókítà, ó sì wà lára ohun tó ń sàn jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè irú ìdùbúlẹ̀ tó yẹ kí ẹ yẹra fún lóṣù méjì àkọ́kọ́. Obìnrin tó ti pààrọ̀ ìbàdí lè lóyún, ó sì lè bí i fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n la inú rẹ̀. Kó ṣáà sọ fún agbẹ̀bí nípa ìbàdí náà ṣáájú.

Sìgá ńkọ́? Ẹ jáwọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó là yín.

Ìgbà kejì

Àtúnṣe kì í dà bí ti àkọ́kọ́. Irin tó ti dì mọ́ egungun, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n ní láti la egungun itan ní òró kí wọ́n tó rí i yọ. Ó ń pẹ́ lórí tábìlì, ewu kòkòrò àrùn àti kí oríkèé yẹ̀ pọ̀ sí i, èyí tí wọ́n sì fi rọ́pò kì í sábà pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin kúkúrú tó mọ níwọ̀n fi dára ju èyí tó gùn kọjá ààlà lọ fún ọ̀dọ́, bí egungun rẹ̀ bá gbà á.

Ohun tó ń sọ ìgbà kejì di ńlá jù ni kí èèyàn má padà wá fún àyẹ̀wò nítorí pé kò sí ìrora. Egungun lè ti máa jẹ lábẹ́ irin fún ọdún púpọ̀ kó tó dun èèyàn. X-ray ló ń rí i. Bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì kéré, ike nìkan ni wọ́n á pààrọ̀. Bí wọ́n bá rí i nígbà tí egungun ti tán, iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹ béèrè ìwé kan kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn. Irin kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ike kọ̀ọ̀kan ló ní bébà alẹ̀mọ́ lára páálí tí wọ́n tú u jáde látinú rẹ̀, tó ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n àti nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì á ti lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ inú fáìlì yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ẹbí. Dókítà tó máa tún un ṣe lẹ́yìn ogún ọdún lè má sí ní ìlú kan náà, fáìlì yẹn sì lè ti sọnù. Bí kò bá mọ irú irin tó wà nínú yín, kò ní mọ irú bọ́ọ̀lù tó máa bá a mu, ó sì lè ní láti yọ ọ̀pá tí kò ṣe nǹkan kan.